Áńkáṣíìfù Funfun Ààrẹ Gamsby

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Kilbrae tó gbà pé òtútù kì í mú ẹni tó bá wà nípò. Horatio Gamsby lorúkọ rẹ̀. Àga, tábìlì àti pósí ló ń tà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ àti ìyàwó tuntun bá wá ra bẹ́ẹ̀dì, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá láàárín àwọn pósí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ju oúnjẹ lọ. Nínú gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn òkú nìkan ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀ ń rò ó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di ààrẹ líìgì họ́kì. Kò ṣòro. Ọbabìnrin Fitóríà ṣì wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ìlú mẹ́rin tó yí adágún wa ká sì ti ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà kiri lórí omi dídì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ń ṣe é. Ọdún yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe é bí ọmọlúàbí: líìgì, pẹ̀lú òfin, pẹ̀lú ife fádákà fún ẹni tó bá gbẹgbá orókè. Wọ́n wá ibi tí wọ́n á ti ṣèpàdé. Ibo ni àga pọ̀ sí? Ṣọ́ọ̀bù Gamsby. Kálukú mú àga jókòó. Gamsby jókòó sórí èyí tí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ẹnikẹ́ni ò rà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé nítorí pé ó burẹ́wà, ó sì tún wọ́n. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé, "Ta ni ká fi ṣe ààrẹ?" gbogbo ojú lọ síbi orí kìnnìún. Ọ̀rọ̀ parí.

Kò lè rìn lórí yìnyín. Kò di ọ̀pá họ́kì mú rí láyé rẹ̀. Àwọn tó yàn án rò pé kò séwu. Kí ni ààrẹ fẹ́ ṣe ju kó jókòó lọ? Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe lè mọ rọ́bà á gbá, kó má mọ ènìyàn.

Wọ́n tún fún un ní akọ̀wé, Wilmot Tuck, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń bá a ta àga. Ara Tuck ní àrùn kan tí dókítà ò lè wò: ohunkóhun tí Gamsby bá ṣe, òun náà á ṣe é. Gamsby húkọ́, Tuck húkọ́. Gamsby ṣí fìlà, Tuck ṣí tiẹ̀. Bí Gamsby bá jókòó, orúnkún Tuck á tẹ̀ fúnra rẹ̀, àga wà lẹ́yìn rẹ̀ o, àga ò sí lẹ́yìn rẹ̀ o. Ó ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àlejò.

Ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́, Kilbrae pẹ̀lú Port Averill, Gamsby ní ẹsẹ̀ ààrẹ ò gbọdọ̀ kan yìnyín lásán. Ó ní kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà ilé yìnyín tí wọ́n ti ń gbá họ́kì dé àárín gan-an. Ó gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú fìlà gogoro tó ń dé lọ síbi ìsìnkú. Àwọn eléré ti tò, méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, pẹ̀lú bàtà onírin tó ń yọ̀ lórí yìnyín lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn Kilbrae!" Ó sinmi kí ariwo lè kọ lára òrùlé. "Ẹ̀yin ènìyàn Port Averill! Nígbà tí Ọlọ́run dá òtútù, ta ló mọ ohun tó wà lọ́kàn Rẹ̀? Gbogbo àwọn ọlọ́gbọ́n ayé béèrè, wọn ò rí ìdáhùn. Èmi mọ̀ ọ́n! Líìgì yìí ló wà lọ́kàn Rẹ̀!"

Tuck pàtẹ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ onírun ló wọ̀, ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọn ìrọ̀rí.

Gamsby ń bá a lọ. Ó sọ̀rọ̀ lórí Ọbabìnrin, ó sọ̀rọ̀ lórí ìwà mímọ́, ó sọ̀rọ̀ lórí igi tí wọ́n fi ń ṣe ojúlówó àga. Irun imú Baptiste Lalonde, tó ń ṣọ́ góòlù fún Kilbrae, ti dì gbagidi bí ìyarun. Fergus McQuaig, kápútẹ̀nì wọn, ọmọ ilé ìlagi, yọ́ sún mọ́ ọn.

"Baptiste, ṣé o ṣì wà?"

"Ẹsẹ̀ mi ti lọ sílé. Èmi ni mo ṣẹ́ kù."

"Kí lọkùnrin yìí ń sọ báyìí?"

"Mo rò pé ó ti dé orí tábìlì onídúrọ́ọ̀."

Nígbà tó parí, àwọn ará Port Averill ti mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin máa fi àwọn sílẹ̀ lọ. Ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́: orí bẹ́ǹṣì tésàn ni wọ́n sùn, wọn ò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì ò ṣe é ká. Ó ti dì mọ́ yìnyín. Wọ́n fà á, wọ́n fi ṣọ́bìrì wà á, àwọn ọkùnrin alágbára fi ẹsẹ̀ ti ògiri.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ni Gamsby wí. "Kó máa rán àwọn eléré létí ibi tí ààrẹ dúró sí."

Ó rán wọn létí dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá sáré débẹ̀, bàtà rẹ̀ á dúró, òun fúnra rẹ̀ á máa lọ. Nígbà tí èrò túká, wọ́n da omi tuntun lé gbogbo rẹ̀ lórí, omi dì, ó sì di pé títí ọ̀gìnnìtìn fi parí, ìlà pupa kan wà lábẹ́ yìnyín Kilbrae láti ẹnu ọ̀nà dé àárín.

"Ó kéré tán," ni Fergus wí, "nǹkan kan tó jẹ́ tiẹ̀ ti dákẹ́."

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, mi ò ní máa sọ ìtàn kankan. Ọ̀rọ̀ wá di ti áńkáṣíìfù.

Ẹ jẹ́ kí n là á. Góòlù ìgbà náà ò ní àwọ̀n. Igi méjì ni wọ́n rì sórí yìnyín. Ẹ̀yìn igi méjèèjì ni adájọ́ góòlù máa ń dúró sí, pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́. Bí rọ́bà bá gba àárín igi kọjá, á gbé áńkáṣíìfù sókè, rẹfirí á lu agogo, góòlù dé. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ojú ẹnì kan àti ègé aṣọ kan.

Nígbà tí Kilbrae náà lọ gbá eré ní Port Averill, ọkùnrin tó ń ta súgà àti tíì ló ń ṣe adájọ́ lẹ́yìn góòlù Baptiste. Eré ń lọ lọ́hùn-ún, nítòsí góòlù kejì. Lọ́gán ni ìyá ìyàwó ọkùnrin yìí wọlé. Ẹ̀rù ìyá náà ń bà á ju ẹ̀rù ikú lọ. Ó bá na áńkáṣíìfù sókè, ó ń fi kí i. Rẹfirí wẹ̀yìn, ó rí funfun lókè, ó lu agogo. Góòlù! Kilbrae pàdánù.

Fergus gbé ẹjọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù Gamsby.

"Ààrẹ, rọ́bà ò sí nítòsí góòlù wa rárá. Adájọ́ wọn ló ń kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Ẹni tó bá ní làákàyè díẹ̀ lórí, á ní kí wọ́n tún un gbá. Gamsby rí ohun mìíràn níbẹ̀. Ó rí àyè láti ṣe òfin. Ó dìde lórí àga kìnnìún. Tuck dìde.

"McQuaig! Lónìí ìwọ ń béèrè bóyá góòlù wọlé. Lọ́la wàá béèrè bóyá Ọbabìnrin jọba! Ibo la máa bá a dé? Wilmot, kọ ọ́: Áńkáṣíìfù funfun bá ti gòkè, góòlù ni."

"Góòlù ni," ni Tuck wí, ó ń kọ ọ́.

"Ìbáà jẹ́ ìyá ìyàwó ni wọ́n ń kí, ìbáà jẹ́ atẹ́gùn ló gbé e. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi adájọ́ léèrè ìdí. Rẹfirí ò gbọdọ̀ bi í. Ààrẹ pàápàá ò gbọdọ̀ bi í!"

Tuck gbé ojú sókè. "Ààrẹ náà, sà?"

"Kọ ọ́ gàdàgbà! Ààrẹ náà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ààrẹ," ni Fergus wí, "tí adájọ́ bá ń lé eṣinṣin ńkọ́?"

"Kò sí eṣinṣin nígbà òtútù. Ìwọ ò sì ní gbá nínú ìdíje tó ń bọ̀, nítorí ẹnu rẹ."

Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ òfin náà sára ìdérí pósí, torí pé òun ni pákó tó gùn jù nílé, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri ilé yìnyín lókè góòlù. Àwọn àlejò tí ò mọ nǹkan kan máa ń ṣí fìlà fún un bí wọ́n bá wọlé.

Bí òtútù ṣe ń le sí i ni orí Gamsby ń wú sí i. Líìgì ti fẹ́ parí, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé: kí wọ́n sọ òun di ààrẹ títí ayé. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Tuck gbé síwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun lá a lójú àlá. Wọ́n fi ìbò náà sí ọjọ́ àṣekágbá, ní kété tí eré bá parí. Ìlú mẹ́rin ló máa dìbò, pẹ̀lú akọ̀wé. Gamsby ti ṣèlérí fún ìlú méjì pé ilé wọn ni wọ́n á ti gbá àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún kan náà, ẹ kíyè sí i, fún ìlú méjèèjì. Port Averill ò ní ṣe tiẹ̀, nítorí bẹ́ǹṣì tésàn. Kilbrae ńkọ́? Ìlú rẹ̀ ni. Kí wọ́n ṣáà ti gba ife, wọ́n á gbé e gẹ̀gẹ̀.

Kilbrae àti Port Averill náà ló sì bá ara wọn dé àṣekágbá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀fìnkìn mú ààrẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn bí ọ̀rá àbẹ́là. Adelia ìyàwó rẹ̀ ti fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ pa á láyà, ó ti fi aṣọ onírun wé e.

"Ọ̀gbẹ́ni Gamsby, ẹ dùbúlẹ̀."

"Adelia, ìtàn kì í dùbúlẹ̀."

"Ìtàn ò ní ikun nímú. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Èmi fúnra mi ni màá ṣe adájọ́ góòlù lónìí. Gbogbo ojú ló máa ń wà níbi góòlù. Ibẹ̀ ló yẹ kí ààrẹ títí ayé wà."

Adelia lọ sídìí tábìlì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú áńkáṣíìfù méjì jáde. "Ó dáa. Funfun fún góòlù, àpò òsì. Pupa fún imú, àpò ọ̀tún. Ẹ má ṣì í mú o."

Gamsby wo èyí tó pupa bí ẹni tí wọ́n gbé ewúrẹ́ fún pé kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Pupa! Àwọn tó ń la pákó ló ń fi pupa nu imú. Ààrẹ ò ní fa irú nǹkan báyìí yọ níwájú ìlú mẹ́rin." Ó jù ú sórí tábìlì.

"Imú ò mọ̀ pé ààrẹ ló ni òun," ni Adelia wí. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti jáde.

Ilé yìnyín kún dé ẹnu ọ̀nà. Gamsby lé adájọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn góòlù Baptiste, lábẹ́ ìdérí pósí, ó ń tẹrí ba fún ẹni tó kí i àti ẹni tí kò kí i. Tuck dúró lẹ́yìn pákó, ó gbé kóòtù rẹ̀ dání. Dókítà Prewitt, àgbàlagbà kan tí kì í tan ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, ló ṣe rẹfirí.

Eré yẹn dùn, èmi ò ní purọ́. Fergus ń fò bí ẹyẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n san án padà, wọ́n tún jẹ, wọ́n tún san án. Ọ̀mì ni nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Ní gbogbo àkókò yìí, Baptiste ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀: fììn, fììn, fììn.

"Ààrẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ má sín sí mi lọ́rùn."

"Kọjú síṣẹ́ rẹ."

Fergus gba rọ́bà. Ó yẹ ẹnì kan, ó yẹ ẹlòmíràn, ó kọjá ìlà pupa, ó kù ú ku ẹni tó ń ṣọ́ góòlù Port Averill nìkan. Gbogbo Kilbrae dìde. Àwọn ìyá arúgbó gun orí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni kankan nítòsí góòlù Baptiste, àfi Baptiste àti ààrẹ.

Ibẹ̀ ni ó ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, níbi tí ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ wà. Gamsby pa ojú dé. Ó fi eyín bu ètè. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

Ó sín.

Ẹṣin tó wà níta fò sókè. Fìlà gogoro já bọ́, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ Baptiste. Ọwọ́ ààrẹ sáré lọ sápò ọ̀tún, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó sáré lọ sápò òsì. Áńkáṣíìfù funfun jáde, ó gba òkè lọ, ó fẹ̀ gbàràmù, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí imú.

Dókítà Prewitt wẹ̀yìn. Ó lu agogo.

"Góòlù! Port Averill!"

Ìgbà tí agogo dún tán ni rọ́bà Fergus wọ àárín igi lọ́hùn-ún. Adájọ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ gbé ọwọ́. Agogo ti dún, eré ti dúró.

 Ariwo bẹ́ ní gbogbo ilé.

"Rárá!" Gamsby ń ké. "Imú ni! Imú mi ni! Prewitt, bi mí léèrè!"

"Mi ò gbọdọ̀ bi yín," ni dókítà wí.

"Mo ní kó o bi mí! Mo pàṣẹ fún ọ!"

Dókítà na ọ̀pá sí ìdérí pósí tó wà lókè orí rẹ̀. Ó kà á sókè, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń sọ fún aláìsàn pé kò síṣòro. "Áńkáṣíìfù funfun bá ti gòkè, góòlù ni. Ààrẹ pàápàá ò gbọdọ̀ bi adájọ́ léèrè ìdí."

"Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni adájọ́!"

"Ìyẹn ni mi ò ṣe bi yín."

Fergus ti dé, ó rọra dúró níwájú rẹ̀, òógùn ń rú lórí rẹ̀ bí èéfín. "Ààrẹ, ẹ ní kò sí eṣinṣin nígbà òtútù. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ikun."

Gamsby fẹ́ sáré lọ bá àwọn ará Port Averill kó lọ ṣàlàyé. Mo ti sọ fún yín pé kò lè rìn lórí yìnyín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó yọ̀ tẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó lọ jókòó pẹ̀tẹ́ sórí ìlà pupa, níbi tó ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ sí.

"Ọ̀rọ̀ àsọkágbá!" ni ẹnì kan pariwo láti òkè. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ!"

Góòlù mìíràn ò wọlé mọ́. Port Averill gbé ife.

Ẹ rò pé á fi orí pamọ́? Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà. Ìbò ṣì wà. Wọ́n ti dá iná sítóòfù, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, imú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó gun orí àga kìnnìún, Tuck jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́," ni Gamsby wí, "gbogbo ẹni ńlá ni wọ́n ti fi ohun kékeré dán wò rí."

"Tiyín ò kéré," ni Baptiste wí. "Ó wà lọ́rùn mi síbẹ̀."

Fergus ló ń ṣojú Kilbrae. Ó dìde. "Mo ní ìmọ̀ràn kan. Ká má fi ọwọ́ lásán dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ààrẹ máa lọ sílé, kó gbé áńkáṣíìfù funfun sókè. Kí gbogbo ẹ̀ lè bá òfin mu. Tó bá ti gòkè, ó ti gòkè, kò sí ìbéèrè."

Ènìyàn mìíràn á ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Gamsby gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin, inú rẹ̀ dùn: wọ́n ń tún òfin òun pè! "Ó lọ́lá bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Mo fọwọ́ sí i."

Fergus gbé tiẹ̀. Ọkùnrin Port Averill gbé tiẹ̀. "Ẹ ṣeun fún ife o, Ààrẹ," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣì ń ro mí." Àwọn ìlú méjì tó kù jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń ronú sí àṣekágbá ọdún tó ń bọ̀. Méjì síbí, méjì sọ́hùn-ún. Ó ku Tuck.

Gamsby sinmi lé orí kìnnìún. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tuck rẹ́rìn-ín músẹ́. Gamsby mí kanlẹ̀. Tuck mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ àyà.

Gamsby sín. Ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ lápò òsì, ó gbé e lọ sókè kó tó dé imú. Ẹ má dá Tuck lẹ́bi. Kò ronú. Ọdún pípẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ọwọ́ náà wọ àpò, ó mú áńkáṣíìfù funfun jáde, ó gbé e lọ sókè.

Gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ náà. Tuck wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

"Ó ti gòkè," ni Dókítà Prewitt wí.

"Imú ni," ni Tuck wí. "Imú ni mo fẹ́..."

"Ọ̀fìnkìn ò mú ọ, Tuck."

"Rárá, sà. Ààrẹ ló mú."

"Góòlù!" ni Baptiste ké, ilé sì dàrú fún ẹ̀rín.

Láti ọjọ́ tí Gamsby ti kúrò nípò ààrẹ bẹ́ẹ̀, orí ìdúró ni ìgbìmọ̀ líìgì ti ń ṣèpàdé, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ àga. Ìdérí pósí ńkọ́? Gamsby gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀dà dúdú pa á, ó rí i tà kí ìrì dídì tó yọ́ tán. Ẹnì kan ń sùn lábẹ́ òfin yẹn ní Kilbrae títí dòní. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò bi í léèrè rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àṣekágbá náà, ẹsẹ̀ ni Gamsby fi rìn délé, láìdé fìlà. Tuck tẹ̀lé e dé ìkóríta, ó dúró, kò mọ ẹni tó máa ṣe bí i mọ́. Adelia ti wà nídìí iná, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Áńkáṣíìfù pupa ṣì wà lórí tábìlì níbi tó jù ú sí. Ó tì í síwájú rẹ̀.

Gamsby jókòó. Ó mú un, ó fun imú rẹ̀ dáadáa, ó fun ún pẹ́.

Kò sẹ́ni tó lu agogo.